Magazine Ìbọn, Magazine Ìwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ lórí rédíò níbí pé ọlọ́pàá gba "ìbọn kan àti magazine méjì" lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni adigunjalè ń fi ìwé ṣe. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe jẹ́ ìwé, tó tún jẹ́ ara ìbọn? Ṣé magazine náà sì ni Ìwé Ìròhìn ayé àtijọ́? — Òǹkàwé yín, Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọmọ ìyá ni méjèèjì, ilé ìkẹ́rùsí ló bí wọn. Makhzan ni Lárúbáwá ń pe ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ó di makhāzin. Ọmọ ilé kéwú tó bá ti ka Súrà Yūsuf dé ibi tí Yūsuf ti ní kí ọba fi òun ṣe olórí àwọn àká ilẹ̀ náà ti pàdé ẹbí ọ̀rọ̀ yìí: khazā'in ló wà níbẹ̀. Ará Ítálì sọ ọ́ di magazzino, Faransé sọ ọ́ di magasin, ṣọ́ọ̀bù sì ni lọ́dọ̀ tiwọn títí dòní. Láàárín 1580 sí 1600 ni Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé. Kò pẹ́ tó fi di orúkọ ilé ẹ̀tù àwọn ọmọ ogun.

Láti ilé ẹ̀tù dé ara ìbọn kò jìnnà. Àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ inú ìbọn ni magazine. Ọta tò lé ara wọn nínú rẹ̀, sípíríǹgì ìsàlẹ̀ sì ń tì wọ́n sókè níkọ̀ọ̀kan. Àwọn onífíìmù a máa pè é ní clip, àṣìpè ni. Clip kò ní sípíríǹgì: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ìdí ọta mú pọ̀ ni, kí ó lè yá láti kì wọ́n sínú magazine.

Ní ti ìwé, ọ̀dọ̀ Edward Cave, òǹtẹ̀wé kan, ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1731, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ The Gentleman's Magazine. Ńṣe ló ń ṣa àròkọ àti ìròyìn jọ láti inú ìwé ìròyìn àwọn ẹlòmíràn (lóde òní, ilé ẹjọ́ ni wọn ì bá fà á lọ), ló bá sọ ọ́ lórúkọ ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, orúkọ náà sì mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lára.

Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 kì í ṣe magazine. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ kọ́ là ń wò. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kà nínú rẹ̀, bí ìròyìn ìjọ àti àlejò tó wọ̀lú, newspaper nìyẹn. Àròkọ tó ṣeé kà lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni magazine ń kó jọ. "Ìwé ìròyìn" tí Yorùbá ń pe méjèèjì ló da ọ̀rọ̀ pọ̀.