"Worker's Day" àbí "Workers' Day": èwo ni ká kọ sára báńà?

Ẹ̀yin tó ń béèrè nítorí báńà tí ẹ fẹ́ gbé lọ sí Eagle Square l'Ábújá lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, "Workers' Day" ni kí ẹ kọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ni ọjọ́ náà pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní "s" nídìí láti fi hàn pé ó ju ẹyọ kan lọ, apostrophe, ìyẹn àmì (') tó ń fi ẹni tó ni nǹkan hàn, nìkan lẹ ó fi sẹ́yìn "s" yẹn. "Worker's" á di ti òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ibi tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni ọ̀rọ̀ tí kò nílò "s" kó tó di púpọ̀: "children", "women", "men". Níbẹ̀, apostrophe á kọ́kọ́ wọlé, "s" á tẹ̀lé e: "Children's Day", "women's wing". "Childrens' Day" tí wọ́n máa ń lẹ̀ kiri ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún kò tọ̀nà rárá, ì báà jẹ́ iléèwé ló lẹ̀ ẹ́.

Bí Bọ́lá àti Músá bá jọ ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse, "Bola and Musa's shop" ni. Bí kálukú bá ní tirẹ̀, "Bola's and Musa's shops".

Ẹ má sì fi apostrophe sí "Tomatoes" lára pátákó ọjà o. Kò sí ohun tí tòmátì ní níbẹ̀.