Ìgòkè àti ìṣubú Ọdẹ́wálé lára ògiri

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya ìlà kan sára ògiri kíláàsì, tí yóò máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí ayé Ọdẹ́wálé ṣe rí nínú The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí kọ. Àyè tá a ní gùn ní mítà 3, ó ga ní mítà 1.5. Ṣé láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ la ó ti tò ó ni, àbí bí eré ṣe tò ó? Èyí tá a kọ́kọ́ yà, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. — Olùkọ́ lítíréṣọ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bí eré ṣe tò ó ni kí ẹ tò ó. Ìjà oko Ẹdẹ, níbi tí Ọdẹ́wálé ti fi ọkọ́ pa arúgbó kan, ti ṣẹlẹ̀ kó tó jọba, àmọ́ apá 3 ni Ọlá Rótìmí tó fi í hàn wá. Bí ẹ bá fà á wá síwájú, àṣírí pé bàbá rẹ̀ ni arúgbó náà ti tú nìyẹn. Ẹ yà á sí apá 3, kí ẹ fi ọfà tín-ín-rín tọ́ka sẹ́yìn.

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ yíká. Ìfáárà gba 60, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 70 kọ̀ọ̀kan. Ìlà òdo ń bẹ láàárín. Ìpele 5 lókè, 5 nísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 12 síra wọn. Ẹ má fi ilẹ̀ wọn ìlà òdo, torí ilẹ̀ kíláàsì kì í sábà tẹ́jú. Rọ́bà tí àwọn bíríkílà máa ń rọ omi sí ni kí ẹ lò.

Ìlà méjì ni mo máa yà. Pupa ni kádàrá: látìgbà tí Fákúnlé babaláwo ti dífá pé ọmọ náà yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀, ó dúró sí ìsàlẹ̀ 5, kò mira. Dúdú ni ohun tí Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ rò pé òun jẹ́: òkè 5 nígbà tó gorí ìtẹ́ ní Kutuje, òkè 2 nígbà tí àìsàn bo ìlú, òdo nígbà tó ń fura sí Adérọ́pò, ọmọ ọba àná. Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: Alákà, ọ̀rẹ́ Ọdẹ́wálé àtijọ́, dé, ó ní Ògúndélé, ẹni tí Ọdẹ́wálé rò pé ó jẹ́ bàbá òun, ti kú, ọkàn ọba balẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé ìlà padà sí òkè 2 níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kó ti já ṣòòròṣò, títí dúdú yóò fi kan pupa níbi tó ti fọ́ ojú ara rẹ̀.

Ní ti ọ̀dà tó ń bó: ẹ lẹ téèpù mọ́ ògiri, kí ẹ ya á. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá bá a wá, ẹfun àtijọ́ ló wà lábẹ́. Ẹ ha á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi omi la ọ̀dà àkọ́kọ́ díẹ̀ kó lè wọnú ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ kí etí ìlà mú, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ara ògiri kun etí téèpù, òun ni yóò dí àlàfo tí ọ̀dà dúdú ìbá gbà wọlé. Kí dúdú tó gbẹ tán ni kí ẹ ti ṣí téèpù.