Green card yín kì í ṣe físà Lọ́ńdọ̀nù, oṣù méje ní Ìbàdàn sì pọ̀ jù

Arábìnrin mi, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Ẹ ní green card yín, káàdì tó fún yín láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà títí, dé lóṣù kẹta, pé ẹ̀gbọ́n yín ń ṣègbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹjọ, pé láti ibẹ̀ ẹ fẹ́ kọjá sí Ìbàdàn lọ tọ́jú bàbá yín fún oṣù méje. Ẹ ní ẹnìkan sọ fún yín pé ẹni tó bá ti ní páálí Amẹ́ríkà lọ́wọ́, kò sí ìlú tí wọ́n á tún ti béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà gbà á gbọ́ rí, ó sì ná mi lówó, ó ná mi lómijé.

Oṣù kejìlá 2018 ni. Green card mi ti lé lọ́dún méjì. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Houston sí Èkó, mo sì ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù sí i, torí pé àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ níbẹ̀. Ìdajì àpótí mi, aṣọ ọmọ ni. Nígbà tó kàn mí ní pápákọ̀ òfuurufú, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà mi, ó ṣí i títí dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i padà síwájú. Ó ní físà Ìlú Ọba mi dà? Mo fa green card yọ, ọkàn mi balẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Èyí lẹ ó fi padà wọ Amẹ́ríkà. Kí lẹ ó fi wọ Lọ́ńdọ̀nù?”

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n gbé àpótí mi kúrò lórí ìwọ̀n. Ọkọ mi ti wakọ̀ lọ, mo pè é pé kó yí padà. Ọ̀gá wọn wá dé, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu: pé mi ò lè sun ọjọ́ mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ mo lè gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá sí Èkó láìní físà, nítorí green card yẹn kan náà. Wọ́n bá mi yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, mo san àfikún owó. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó ní Heathrow, tí àbúrò mi wà ní Peckham pẹ̀lú ọmọ tuntun, tí àwa méjèèjì ń sunkún lórí fóònù. Ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé kí n tó fojú kàn án.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ìjọba Amẹ́ríkà ni green card ń bá sọ̀rọ̀, pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ń gbé. Tí ẹ bá dé ẹnu bodè ìlú mìíràn, páásípọ́ọ̀tì ni wọ́n ń wò, ti Nàìjíríà sì ni tiyín. Àwọn ìjọba kan fúnra wọn pinnu pé àwọn á ka green card sí, àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀, bí kálukú sì ṣe kà á sí yàtọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á sí fún ẹni tó ń kọjá nìkan: kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ òfuurufú dé, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ òfuurufú lọ, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbé yín lọ síwájú ti wà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì ti kúrò nílẹ̀ wọn kí aago méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ọwọ́ aṣọ́bodè tó wà níwájú yín ni ìpinnu wà.

Ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó kì í ṣe ẹni tó ń kọjá, torí náà físà àbẹ̀wò lẹ ó gbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò yín, wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka yín níbí ní Amẹ́ríkà. Wọn kì í gbà á ju oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò lọ, èsì sì sábà máa ń jáde láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo wá gba tèmi, ohun tí mo kó sílẹ̀ ni ìwé owó oṣù mi, lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́, àti lẹ́tà tí àbúrò mi kọ pé ọ̀dọ̀ òun ni màá dé sí. Ẹ rántí pé ẹ lè má rí páásípọ́ọ̀tì yín lò ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ má fi ìrìn-àjò mìíràn sí i.

Bí ẹlòmíràn bá ń ka èyí tó jẹ́ pé Amsterdam, Paris tàbí Frankfurt ló ń gbà lọ sílé: àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, máa ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kódà kó tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ nínú pápákọ̀ wọn. Green card yọ yín nínú ìyẹn. Àmọ́ inú pápákọ̀ nìkan ni o. Àbúrò ọkọ mi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ó dín owó kù, ọ̀kan dé Paris, èkejì láti Paris sí Èkó. Ẹrù rẹ̀ ò lè tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Ó máa ní láti jáde lọ gbé e ní Paris, kó tún wọlé padà, ẹni tó bá sì ti jáde ti wọ ilẹ̀ Faransé nìyẹn. Houston níbí ni wọ́n ti dá a dúró, owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì sì wọmi. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá balẹ̀ sí Charles de Gaulle tí ọkọ̀ kejì rẹ̀ sì ń gbéra ní Orly, pápákọ̀ Paris mìíràn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó lọ dé òpin ìrìn-àjò yín.

Kánádà rọrùn jù. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2022, páásípọ́ọ̀tì tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá àti green card ti tó, kò sí físà, kò sí ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń béèrè tẹ́lẹ̀. A fi bẹ́ẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Toronto ní ọdún yẹn, ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n bi wá. Mẹ́síkò náà ò béèrè físà lọ́wọ́ wa. Puerto Rico, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni.

Ẹ tún wo orúkọ yín. Lórí páásípọ́ọ̀tì mi nígbà yẹn, orúkọ bàbá mi ló wà. Lórí green card, orúkọ ọkọ mi ni. Bí àwa obìnrin ilé wa ṣe máa ń rí nìyẹn, a kì í tètè pààrọ̀ ti Nàìjíríà. Orúkọ tó wà lórí páásípọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín dání, ojúlówó rẹ̀. Bí páásípọ́ọ̀tì yín ò bá ní tó oṣù mẹ́fà mọ́, ẹ tètè tún un gbà. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà NIN, ẹni tí kò bá sì tíì ní in, ibẹ̀ ni ọjọ́ ti máa ń lọ. Ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà ní Atlanta ni mo lọ fún tèmi.

Ọ̀rọ̀ oṣù méje yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Oṣù kejì 2020 ni mo lọ sí Ìbàdàn nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn. Kòrónà dé, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn pápákọ̀ òfuurufú lóṣù kẹta, ó sì di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án kí àwọn ọkọ̀ tó ń ti òkèèrè bọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn ọkọ̀ àkànṣe ń kó àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà lọ nígbà yẹn. Mo lè bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò lè gbé ṣíbí fúnra wọn, ta ni màá fi wọ́n tì? Oṣù kẹwàá ni mo tó padà, oṣù mẹ́jọ gbáko.

Nígbà tí mo dé, aṣọ́bodè ka ọjọ́ lórí òǹtẹ̀ páásípọ́ọ̀tì mi, ó sì ní kí n lọ jókòó sí yàrá inú. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹni tó ní green card tó bá lo ju 180 ọjọ́ lọ léraléra níta, òfin lè kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè àyè láti wọlé. Níbo ni ilé yín wà? Ta ló ń san owó rẹ̀? Ta ló wà pẹ̀lú àwọn ọmọ? Ṣé iṣẹ́ yín ṣì wà? Mo dúpẹ́ pé fáìlì kan wà nínú báàgì mi: ìwé ilé ìwòsàn ìyá mi, ìwé owó ilé, ìwé owó orí, lẹ́tà ibi iṣẹ́ pé ìsinmi àìgbowó ni mo wà. Òṣìṣẹ́ náà ka gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti fọ́ọ̀mù kan sí mi, I-407, ó ní mo lè fọwọ́ sí i kí n dá káàdì padà, kí n wá gba físà àbẹ̀wò nígbà mìíràn.

Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sọ fún mi tipẹ́ pé kò sí ẹni tó lè fi dandan mú ni fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, pé bí wọ́n bá fẹ́ gba green card lọ́wọ́ ènìyàn, iwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo sọ pé mi ò ní fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù N-400 láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́jọ yẹn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lé lórí. Ẹni tó bá lo ju oṣù mẹ́fà lọ níta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kà á pé ó ti já okùn ọdún márùn-ún tó ń kà níbí kó tó lè di ọmọ ilẹ̀, àyàfi tó bá fi ẹ̀rí hàn pé ibí ṣì ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá pé ọdún kan níta, okùn já nìyẹn, green card fúnra rẹ̀ ò sì tún tó láti fi wọlé mọ́. Fáìlì kan náà ló tún gbà mí.

Nítorí náà, bí bàbá bá ní ẹlòmíràn tó lè dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ẹ dín oṣù méje yẹn kù sí márùn-ún, kẹ́ ẹ sì rántí pé àwọn ọjọ́ Lọ́ńdọ̀nù wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kúrò ní Amẹ́ríkà ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè padà wá ṣiṣẹ́ níbí, kẹ́ ẹ tún lọ lẹ́yìn náà, àmọ́ kó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ fi yọjú. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, mo mọ bó ṣe máa ń rí, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù I-131 nísinsìnyí, kẹ́ ẹ gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé tó máa ń lò tó ọdún méjì. Ẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ibí náà ni wọ́n ti máa gba ìtẹ̀ka yín, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ó máa ràn yín lọ́wọ́ lẹ́nu bodè. Kò ní dá okùn ọdún márùn-ún yẹn padà fún yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lórí ìyẹn.

Ẹ má dá ilé yín padà fún onílé. Ẹ san owó orí yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé níbí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láé pé ẹ kì í ṣe olùgbé nítorí kí owó lè dín kù. Ẹ ya fọ́tò green card níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín. Wọ́n jí pọ́ọ̀sì mọ́ ẹnìkan tí mo mọ̀ lọ́wọ́ lóde àríyá ní Ìbàdàn. Fọ́tò yẹn àti ìwé ọlọ́pàá ló mú lọ sí ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ní Victoria Island pẹ̀lú fọ́ọ̀mù I-131A, kí wọ́n tó fún un ní ìwé tó fi wọ ọkọ̀ padà.

Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti dájú, ẹ ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣí fọ́ọ̀mù Ìlú Ọba. I-131 ni kẹ́ ẹ kọ ṣáájú. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú nínú fọ́ọ̀mù méjèèjì, ẹ bi mí, mo ṣì ní ẹ̀dà tèmi lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí bàbá, kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà.