Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: kí ló pa òwe yìí pọ̀ mọ́ p-value?

Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sáíkọ́lọ́jì ní yunifásítì ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní lẹ́kíṣọ̀rà àwọn pa òwe ní kíláàsì, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?", ó wá ní torí irú òwe yìí la ṣe ń kọ́ hypothesis testing (bá a ṣe ń fi ìṣirò dán àbá wò), gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yé òun. Ó fẹ́ mọ ohun tí òwe yẹn túmọ̀ sí gan-an, ibi tó ti kan p-value, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń rí nídìí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí lẹ́kíṣọ̀rà wọn fi ń ní "fail to reject" dípò "accept".

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dáa gan-an o. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òwe. Láyé àtijọ́, tí ẹyẹ òru bá ń ké lórí òrùlé, wọ́n máa ń ní àjẹ́ ni. Àmọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń lo òwe yẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Tí ẹnì kan bá lérí sí aládùúgbò ẹ̀ lánàá pé "ojú ẹ á rí nǹkan", tí oko aládùúgbò yẹn wá jóná lónìí, wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ìyẹn ni pé ẹ má wá ẹlẹ́bi lọ síbi tó jìnnà. Ìlérí yẹn ló ń ṣe ẹ̀rí. Nítorí náà èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni pe òwe yẹn ní òwe òmùgọ̀, àwọn àgbà kan náà ló ṣáà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí kò bá sí ìlérí kankan, tó jẹ́ pé nǹkan méjì kàn tẹ̀ lé ara wọn ni. Ìyá àgbà kan wà lágboolé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ìtọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n á gbé àtùpà, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé lọ, a máa ń gbọ́ bí sálúbàtà wọn ṣe ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọ kan wá kú, ibà ló pa á, làwọn kan bá ní àwọn rí ìyá yẹn níta lóru ọjọ́ tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ títí àwọn ọmọdé ò fi kí wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé òru mélòó ni ìyá yìí ti jáde tọ́mọ kankan ò kú, tàbí ọmọ mélòó libà ti pa nígbà tí ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìdí ìbéèrè tí wọn ò béèrè yẹn gan-an ni null hypothesis (null) wà, ìyẹn àbá pé kò sí nǹkan kan tó so nǹkan méjì pọ̀. A ó wá béèrè pé: ká ní kò sí nǹkan kan tó so méjèèjì pọ̀, ṣé ohun tá a rí yìí ò ṣì lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Àpẹẹrẹ tó là mí lójú ni ti Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò (statistics) kan. Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Rothamsted, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láwọn ọdún 1920, obìnrin onísáyẹ́ǹsì kan sì wà níbẹ̀, Muriel Bristol, tó ní òun máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu tó bá jẹ́ mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife àbí tíì. Nínú ìwé tí Fisher gbé jáde lọ́dún 1935 ló ti ṣàlàyé bá a ṣe lè dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò: po ife 8, kí mílíìkì ṣáájú nínú 4, kí tíì ṣáájú nínú 4, dà wọ́n rú kó má mọ èwo lèwo, kó wá ṣa 4 tí mílíìkì ti ṣáájú.

Ọ̀nà 70 ló wà téèyàn lè gbà ṣa ife 4 nínú 8, ọ̀kan péré ló tọ̀nà délẹ̀délẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó kàn ń méfò, ẹ̀ẹ̀kan nínú 70 ni orí lè bá a ṣe é, ìyẹn bíi 0.014. P-value nìyẹn o! Ká gbà pé null jẹ́ òótọ́, báwo ni irú èsì yìí, tàbí èyí tó tún le jù ú lọ, ṣe máa wọ́pọ̀ tó? Tó bá ṣọ̀wọ́n gan-an, á ṣòro fún wa láti máa sọ pé méfò ni.

Tó bá jẹ́ ife 6 ni ńkọ́, 3 àti 3? Ọ̀nà 20 péré ló máa wà, ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 sì ni 0.05 tó ń dà yín láàmú yẹn, ààlà tí p kò gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó pe èsì ní "significant". Fisher ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1925 torí pé ó rọrùn láti lò, kì í ṣe pé ó já bọ́ látọ̀run. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Jerzy Neyman àti Egon Pearson, ló wá fi kún un pé àṣìṣe méjì ló wà: Type I, kó o fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ìyá àgbà wa yẹn, àti Type II, kí olè gidi wà níwájú ẹ kó o ní kò sí nǹkan kan.

Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ sínú ìdánwò pé p = 0.03 túmọ̀ sí pé ìdá 3 nínú 100 ni null fi lè jẹ́ òótọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Àtìbẹ̀rẹ̀ la ti gbà pé null jẹ́ òótọ́ ká tó ṣírò p, báwo ló ṣe máa wá sọ bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó fún wa? "Significant" náà kì í ṣe "pàtàkì" bá a ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, tó o bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ, ìyàtọ̀ bíńtín tí ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ṣì lè jẹ́ significant. Tó o bá sì fi ààlà 0.05 dán nǹkan 20 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò, tí kò sí òótọ́ nínú ìkankan, ó lé ní ìdá 60 nínú 100 pé ó kéré tán ọ̀kan á tàn ẹ́ jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kan sáíkọ́lọ́jì fúnra ẹ̀ gan-an: lọ́dún 2015 àwọn onímọ̀ tí Brian Nosek kó jọ gbé èsì ìwádìí 100 tí wọ́n tún ṣe jáde, ìdá 97 nínú àwọn tàkọ́kọ́ ló jẹ́ significant, nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 36 ló kù.

O tún béèrè ìdí tí lẹ́kíṣọ̀rà yín fi ń ní "fail to reject" (a ò rí ẹ̀rí tó tó láti lé null lọ), tí kì í ní "accept" (a gbà pé null jẹ́ òótọ́). Padà sídìí tíì. Ká ní obìnrin yẹn ṣa 3 bó ṣe yẹ, tó ṣi 1 mú. Ọ̀nà 16 ló wà láti ṣe bẹ́ẹ̀, fi ọ̀kan tó tọ̀nà délẹ̀ yẹn kún un, ó di 17 nínú 70, bíi 0.24. Ẹni tó ń méfò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, a ò lè lé null lọ. Ṣùgbọ́n ṣé a lè wá búra pé obìnrin yẹn ò mọ nǹkan kan lẹ́nu? Ó lè mọ̀ ọ́n díẹ̀, ife 8 ló kéré jù láti fi hàn.