Fẹ́ǹsì wó ní Lugbe: ṣé òjò ló yàtọ̀ ni, àbí bíríkìlà ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń gbé ní Lugbe ní Àbújá, omi ò yọ wá lẹ́nu rí àfi ọdún méjì yìí. Nínú oṣù kẹsàn-án tó kọjá, fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé wa wó lulẹ̀. Aládùúgbò wa ní ká mọ òmíràn tó ga jù ú lọ, ká sì da yẹ̀pẹ̀ pupa sí gbogbo àgbàlá. Bíríkìlà ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ojú ọjọ́ tó ń yí padà ló fà á. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Òótọ́ wà lẹ́nu bíríkìlà yín, ṣùgbọ́n kò tó láti gbà á sílẹ̀.

Ayé ti fi dígírì kan àti díẹ̀ gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fi dígírì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Nítorí náà, òjò ńlá òde òní ní omi púpọ̀ láti dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ wo àdúgbò yín náà. Ibi tó jẹ́ koríko nígbà tí ẹ débẹ̀, páànù, kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kì ló gbà á báyìí. Àpáta ò sì jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àbújá; omi tí ilẹ̀ ò bá ráyè mu, eré ló ń sá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Mílímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Bí mílímítà 50 bá rọ̀ sórí pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ mítà 15 níbùú, mítà 30 lóròó, lítà 22,500 nìyẹn: 900 kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí mẹ́ruwà ń tì kiri. Ti àgbàlá yín nìkan nìyẹn o, a ò tíì ka ti àwọn tó wà lókè yín.

Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbára jọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì, tó sì ga tó mítà kan, agbára tó fi ń tì í á tó ìwúwo kílógírámù 500 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6 tí kò ní irin nínú ò lè dúró dè é. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀nà tí onílé fi ń kọ̀ fún un ni kó ṣínà fún un kó kọjá. Bí ẹ bá mọ fẹ́ǹsì ga sí i láìṣí ihò, ìsédò lẹ mọ.

Kí bíríkìlà gbé páìpù oní-ínṣì 4 sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, ojú ilẹ̀ gan-an, ọ̀kan ní mítà méjì-méjì. Níbi tí omi ti ń wọlé jù àti ibi tó ń gbà jáde, páìpù ò ní tó. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí wẹ́dà fi irin dí i bíi ti fèrèsé. Gọ́tà ni kí ibi tó ń jáde kọjú sí, kì í ṣe àgbàlá ẹlòmíràn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni ọ̀tá gbogbo iṣẹ́ yìí: bí ẹ ò bá ń kó o kúrò lẹ́yìn òjò, ihò náà ti di ògiri nìyẹn.

Ti yẹ̀pẹ̀ pupa, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ó yẹ kí ilẹ̀ inú ilé fi sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, ga ju ti ìta lọ. Bí yẹ̀pẹ̀ bá bo àlàfo yẹn, ẹnu ọ̀nà ni omi á máa gbà wọlé, ọ̀rinrin á sì máa gun ògiri. Èyí tó kù á ya sọ́dọ̀ aládùúgbò, bóyá ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn gan-an.

Ohun tó dára jù ni kí omi tó ń sáré dín kù. Ẹ hú íńtálọ́ọ̀kì kúrò níbi tí mọ́tò kì í gbà, kẹ́ ẹ gbin koríko. Ẹ so gọ́tà mọ́ orùlé. Mílímítà òjò 10 lórí orùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 20 lóròó, á kún táǹkì lítà 2,000. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí omi òjò àkọ́kọ́ dànù, eruku ọyẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹ tún lè gbẹ́ kòtò mítà 6 ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀ àti jíjìn, kẹ́ ẹ kó òkúta ńlá kún un. Á gba nǹkan bí lítà 2,400. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà 5. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ pọn omi kún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ má nawó sí kòtò.

Kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ṣá, ẹ bi àwọn àgbàlagbà Gbagyi, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀, pé níbo ni odò ń gbà nígbà èwe wọn. Omi ya wọ ẹ́sítéètì Trademore ní Lugbe níbẹ̀ ní 2021, ó tún ya wọ̀ ọ́ ní 2023. Ẹni tó bá kọ́lé sójú ọ̀nà odò, kò sí páìpù tó lè gbà á. Bí wọ́n bá nawọ́ sí àgbàlá yín, owó fẹ́ǹsì yẹn ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ǹtì ilé sókè.