Ọjọ́ wo ló yẹ ká fi gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkẹjà dé Èkó, ní ìrántí àwọn tí awakọ̀ ọ̀mùtí pa?

Sọ́ńdè kẹta oṣù Nòfẹ́ńbà ló yẹ ẹ́ jù. Ọjọ́ yìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2005 fún ìrántí gbogbo ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa tàbí ṣe léṣe, àwọn Road Safety náà sì máa ń ṣe é nílẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbéra ní ìdájí. Ẹni tó mutí mọ́jú níbi òde àríyá Sátidé lè ṣì máa wakọ̀ bọ̀ láti Lẹ́kì ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Ó lè rò pé ọtí ti dá lójú òun, ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kọfí tàbí omi tútù kì í lé e jáde, àfi kí wákàtí púpọ̀ kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ gba orí afárá Third Mainland, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti LASTMA, àjọ tó ń darí lílọ-bíbọ̀ ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.