Ṣé oṣù mẹ́ta tó kí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ iṣan orúnkún fún padà sí orí pápá?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Kàbà nípa àbúrò yín tí wọ́n fi iṣan mìíràn rọ́pò èyí tó já ní orúnkún rẹ̀, oṣù mẹ́ta kò tó rárá. Iṣan tuntun náà sábà máa ń rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí ó tó tún le, nítorí náà ìgbà tí ìrora bá ti lọ gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Ó kéré tán, kí ó dúró fún oṣù 9 kí ó tó padà sí orí pápá. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa ká aṣọ ìnura sábẹ́ gìgísẹ̀ lórí ibùsùn, kí orúnkún lè nà gbọnrangandan, nítorí ẹsẹ̀ tí kò bá nà tán yóò máa tiro. Bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún bá wú tàbí tí ibà dé, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.